Lẹ́tà ṣíṣí sí ẹ̀yin oní-POS ìlú Àkúrẹ́: ẹ jẹ́ ká máa béèrè kí a tó tẹ̀ ẹ́

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi lẹ́nu iṣẹ́ POS, ẹ̀yin aṣáájú ẹgbẹ́ wa, àti gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ta agboòrùn sí ẹ̀gbẹ́ títì láti Ọjà Ọba dé Alágbàká, láti Òkè-Àró títí dé ẹnu géètì FUTA,

Mo kí yín, ẹ kú òwò, ẹ kú ìdúró inú oòrùn, ẹ sì kú ìfaradà nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ǹ bá sọ ọ̀rọ̀ yìí ní ìpàdé wa, ṣùgbọ́n ó ti kọjá ohun tí èèyàn lè sọ tán ní ìṣẹ́jú márùn-ún kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí gba owó ẹgbẹ́. Ìdí nìyí tí mo fi kọ ọ́ síta, kí ẹni tí kì í wá sípàdé náà lè rí i kà.

Ọ̀rọ̀ náà kan àwọn tó ń fi iṣẹ́ lu àwọn ọmọ wa ní jìbìtì, iṣẹ́ tí wọ́n ní èèyàn lè jókòó sílé kó máa fi fóònù ṣe. Owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àwọn ọmọ yìí, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló ń gba ọwọ́ wa kọjá. Ẹni tó ń lu ọmọ náà kò rí i rí, fóònù ló fi ń bá a sọ̀rọ̀. Báǹkì kò rí i. Bàbá àti ìyá rẹ̀ kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó jáde nílé. Iwájú àwa nìkan ni ọmọ náà dúró sí, tó ka owó lé wa lọ́wọ́, tó pe nọ́ńbà àkáǹtì fún wa, tí a sì ń wo ojú rẹ̀ bó ṣe ń pè é. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ni pé kí a máa béèrè kí a tó tẹ̀ ẹ́.

Mo ní láti kọ́kọ́ sọ ohun tí èmi fúnra mi ṣe. Ìsọ̀ mi kò jìnnà sí Ọjà Ọba. Mo ń tẹ̀wé, mo ń ṣe fọ́tòkọ́pì, mo sì ní ẹ̀rọ POS méjì. Ní ọjọ́ Ẹtì kan, ọmọbìnrin kan tí mo mọ̀ dáadáa wá bá mi ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Èmi ni mo bá a tẹ CV rẹ̀ láti ìgbà tó ti bọ́ aṣọ àgùnbánirọ̀, ìgbà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a sì ti tún un ṣe. Ó kó ₦8,000 fún mi, ó ní, “Mọ́mì, ẹ bá mi fi ránṣẹ́ kíákíá.” Mo tẹ nọ́ńbà tó pè, orúkọ ọkùnrin kan jáde, mo kà á fún un, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo gba ₦200 tèmi. Kí ó tó di ọ̀sán, ó padà wá gba ₦10,400 jáde nínú àkáǹtì rẹ̀, ó yọ ₦14,600 kún un láti inú pọ́ọ̀sì, ó ní kí n fi ₦25,000 ránṣẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí orúkọ obìnrin ló jáde. Mo rí i pé orúkọ ti yí padà. Mo rí i, mi ò sọ nǹkan kan. Mo gba ₦400.

Nígbà tó fi máa di aago méjì, ó gbé ₦60,000 wá nínú ọ̀rá dúdú. Igba náírà àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà ló pọ̀ jù níbẹ̀, wọ́n ká wọn ní ìdì-ìdì bí àwọn ìyá ọlọ́jà ṣe ń ká owó àjọ. Ẹni tó bá ti pẹ́ nínú iṣẹ́ wa yìí mọ̀ pé irú owó bẹ́ẹ̀ kì í ti inú ẹ̀rọ ATM jáde. Fóònù wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀, nọ́ńbà pupa kan sì ń ka sẹ́yìn lójú fóònù náà: 11:40, 11:39, 11:38. Ó ń wò ó bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ já sílẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́, orúkọ kẹta jáde, ọkùnrin mìíràn tí kò jọ ti àkọ́kọ́. Mo gba ₦700. Nígbà tó di aago mẹ́rin ààbọ̀, ó wá láìmú owó kankan lọ́wọ́. Ó kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì ìsọ̀ mi, ó ní, “Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní ₦140,000, mà á dá a padà kí ilẹ̀ tó ṣú.” Ìgbà yẹn ni mo tó bi í pé, “Kí lo fẹ́ fi ṣe?”

Ìgbà tí owó tèmi fẹ́ lọ ni mo rántí béèrè. Ohun tó ń dùn mí títí di òní nìyẹn. Gbogbo owó iṣẹ́ tí mo gbà lọ́wọ́ ọmọ yẹn lórí ìfiránṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ ₦1,300, mo sì ti dá a padà fún un, ṣùgbọ́n ₦85,000 tó bá wọn lọ kò padà, àjọ ìyá rẹ̀ sì ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Bí ó ṣe ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà fún mi rèé, mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà á, nítorí pé bákan náà ni wọ́n ṣe ń ṣe é fún gbogbo wọn. Ní ọjọ́ Sátidé tó ṣáájú, ẹnìkan tí kò mọ̀ rí fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp, ó ní òun wà ní ẹ̀ka ìgbanisíṣẹ́ ilé iṣẹ́ kan ní òkè òkun, pé wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa fi ìràwọ̀ márùn-ún yin àwọn ilé ìtura lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kò sí ìdánwò, kò sí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ó lè pa ₦15,000 lójúmọ́. Ó fi ìràwọ̀ sí i lọ́jọ́ kìn-ín-ní, wọ́n fi ₦1,500 ránṣẹ́ sí i. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n fi ₦3,200 ránṣẹ́. Alẹ́ẹ̀tì wọlé lóòótọ́, owó náà sì ṣeé ná. Ibẹ̀ ni iyèméjì ti kúrò lọ́kàn rẹ̀, torí ta ni oníjìbìtì tó ń fún èèyàn lówó? Bẹ́ẹ̀, ìdẹ ẹnu ìwọ̀ ni. Apẹja kì í ju ìwọ̀ lásán sínú odò.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n mú un wọ ẹgbẹ́ kan lórí Telegram, níbi tí àwọn èèyàn ti ń fi àwòrán alẹ́ẹ̀tì wọn hàn ní wákàtí wákàtí, tí wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá. Kò mọ̀ pé àwọn tó ń dúpẹ́ yìí àti ọ̀gá tí wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ jọ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe ni. Wọ́n wá sọ fún un pé iṣẹ́ kan wà tó lérè ju ti ìràwọ̀ lọ, ṣùgbọ́n èèyàn á kọ́kọ́ san owó sílẹ̀. Ó san ₦8,000, wọ́n dá ₦10,400 padà kí wákàtí kan tó pé. Ó san ₦25,000, wọ́n ní iṣẹ́ tó bọ́ sí i lọ́wọ́ jẹ́ iṣẹ́ méjì tó so pọ̀, àfi kó san ₦60,000 sí i kí méjèèjì lè parí. Nígbà tó san ìyẹn, ojú òpó wọn fi ₦131,000 hàn án gẹ́gẹ́ bí owó rẹ̀, wọ́n sì ní owó orí ₦140,000 ló kù tí yóò san kó tó lè gbà á.

Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ń béèrè: kí èèyàn san ₦140,000 kó lè gba ₦131,000. Ẹni tí ara rẹ̀ balẹ̀ á rí i lójú ẹsẹ̀ pé ìṣirò yẹn kò bára mu. Ara ọmọ yẹn kò balẹ̀, nítorí ohun tí wọ́n ṣe nọ́ńbà pupa tó ń ka sẹ́yìn yẹn fún gan-an nìyẹn. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni wọ́n fún un nígbà kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní bí ó bá kọjá, gbogbo owó tó ti san tẹ́lẹ̀ di òfò. Láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, èèyàn á sáré wá owó, á sáré dé ọ̀dọ̀ oní-POS, kò sì ní ráyè bi ẹnikẹ́ni léèrè. Iye tí ó ń rí lójú òpó náà kì í ṣe owó rárá. Ìkọ̀wé ni. Ẹni tó kọ ₦131,000 síbẹ̀ lè kọ mílíọ̀nù mẹ́wàá síbẹ̀ pẹ̀lú ìka kan náà. Ní ti owó orí, gbogbo ẹni tó ti gba owó oṣù rí ló mọ̀ pé láti inú owó oṣù ni wọ́n ti ń yọ ọ́, ẹnikẹ́ni kì í gbé owó wá láti ilé.

Àwọn kan á ní ojúkòkòrò ló kó bá a. Mi ò gbà, mo sì ní ìdí. Èmi ni mo tẹ àwọn lẹ́tà tí ọmọ yìí fi wá iṣẹ́ káàkiri, mo sì mọ iye ìgbà tó wá béèrè bóyá wọ́n ti fèsì sórí ímeèlì tó wá ṣí ní ìsọ̀ mi. Ẹni tó ti ń wá iṣẹ́ fún ọdún méjì, tí wọ́n wá sọ fún pé wọ́n ti gbà á, ayọ̀ ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà. Ohun tí ǹ bá ti kọ́ ọ kó máa wò ni iye owó náà. Ní 2024, ₦73,000 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó fọwọ́ sí gẹ́gẹ́ bí owó oṣù tó kéré jù lọ fún òṣìṣẹ́. Ẹni tó bá ń pa ₦15,000 lójúmọ́ yóò kọjá iye yẹn ní ọjọ́ márùn-ún péré, lórí iṣẹ́ tí kò gba ẹ̀kọ́, tí kò gba agbára, tí kò sì sí ẹni tó mọ ohun tí ó ń mú wá fún ẹni tó gbà á síṣẹ́.

Nígbà tó ń sunkún, ohun tó ń tẹnu mọ́ ni pé òun nìkan ni òmùgọ̀ ayé. Mo sọ fún un pé irọ́ ni. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń ka irú ẹ̀sùn báyìí, FTC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, kò rí ẹyọ ẹ̀sùn kan lórí irú jìbìtì yìí ní 2020. Ní 2023, ẹ̀sùn náà ti tó 5,000. Ní oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ nínú 2024 nìkan, ó ti di nǹkan bí 20,000. Àwọn ará Amẹ́ríkà tí iṣẹ́ pọ̀ lọ́dọ̀ wọn jù wá lọ ṣì ń bọ́ sí i.

Ó tún ní oríṣi mìíràn tí ẹ̀yin náà ti ń rí níwájú ìsọ̀ yín. Òmíràn á ní kí ọmọ san owó ìforúkọsílẹ̀, tàbí owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́, tàbí kó ra kóòdù lọ́wọ́ ẹnìkan kó tó lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, pé bí ó bá mú ẹlòmíràn wá òun náà á rí nǹkan níbẹ̀. Kò sí iṣẹ́ nínú ìyẹn, owó ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni wọ́n ń pín fún ẹni tó ti wà níwájú. Àwa tí a wà lẹ́nu òwò ní December 2016, nígbà tí MMM, ètò tó ní òun ń sọ owó di púpọ̀, ti ilẹ̀kùn mọ́ owó àwọn èèyàn, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tún ṣàlàyé èyí fún wa.

Èyí tó yẹ kó bà wá lẹ́rù jù ni ti àwọn tí wọ́n ní iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa gba owó sínú àkáǹtì wọn. Wọ́n á ní oníbàárà ilé iṣẹ́ ni yóò máa sanwó wọlé, kí ọmọ náà yọ ìdá mẹ́wàá tirẹ̀, kó fi ìyókù ránṣẹ́ sí ibòmíràn tàbí kó gbà á jáde lọ́wọ́ oní-POS. Owó olówó ni. Owó irú ọmọ tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ni. Nígbà tí ẹni tí wọ́n lù bá fẹjọ́ sùn, àkáǹtì ọmọ yìí ni wọ́n máa kọ́kọ́ rí, orúkọ rẹ̀ àti BVN rẹ̀ ni yóò wà níbẹ̀, àkáǹtì oní-POS tó bá a gba owó jáde sì lè bá a wọnú ìdádúró. Àwọn kan tilẹ̀ ń di òṣìṣẹ́ jìbìtì fúnra wọn. Ní 10 December 2024, àjọ EFCC kó èèyàn 792 nínú ilé ńlá kan ní Victoria Island ní Èkó, 148 nínú wọn jẹ́ ará China, 40 jẹ́ ará Philippines. Àjọ náà sọ pé àwọn ọ̀dọ́ wa ni wọ́n gbà síṣẹ́ níbẹ̀ kí wọ́n máa fi ọ̀rọ̀ ìfẹ́ fa àwọn ará òkè òkun mọ́ra lórí fóònù.

Mi ò sọ pé kò sí iṣẹ́ gidi tí èèyàn lè jókòó sílé ṣe. Ó wà. Àwọn ọmọ wà ní agbègbè FUTA tí wọ́n ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fún ilé iṣẹ́ òkè òkun, wọ́n ń wá gba owó lọ́wọ́ wa, ẹ sì mọ̀ wọ́n. Ẹ bi wọ́n bí wọ́n ṣe rí iṣẹ́ náà. Wọ́n á sọ fún yín pé wọ́n dán àwọn wò, pé àwọn buwọ́ lu ìwé àdéhùn, pé bí ẹni tó so wọ́n pọ̀ bá máa gba ìdá tirẹ̀, láti inú owó iṣẹ́ ni ó ti ń yọ ọ́ lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá ti parí. Owó ń ti ọ̀dọ̀ ẹni tó gbani síṣẹ́ wá sọ́dọ̀ òṣìṣẹ́ ni. Bí ó bá ti ń lọ láti ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ sọ́dọ̀ ẹni tó gbà á síṣẹ́, kí a dúró.

Wọ́n lè fi ìwé ẹ̀rí CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ àti òwò sílẹ̀, han ọmọ náà. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ta ló mọ ìwé yẹn ju àwa lọ? Ní 2024 tí CAC pàṣẹ pé kí gbogbo oní-POS lọ forúkọ sílẹ̀, a kọ orúkọ òwò, a san owó, ìwé jáde. Ẹnikẹ́ni kò wá wò bóyá a ń ṣe òótọ́ tàbí a kò ṣe. Ìwé náà fi hàn pé orúkọ wà, kò sọ ohun tí ẹni tó ni orúkọ náà ń ṣe. Ẹlòmíràn sì lè ya àwòrán ìwé ilé iṣẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀.

Nítorí náà, ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò ju ìbéèrè méjì lọ. Bí ọ̀dọ́ bá mú owó wá kí a fi ránṣẹ́, kí a bi í pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ pé: ṣé ìwọ mọ ẹni tí o ń sanwó fún yìí lójúkojú? Ṣé owó iṣẹ́ ni? Kí a sì ka orúkọ tó jáde sókè fún un kí a tó tẹ̀ ẹ́, nítorí orúkọ yẹn ló máa ń tú wọn fó. Ilé iṣẹ́ tó ní òun wà ní òkè òkun, kí ló dé tó jẹ́ àkáǹtì ẹnìkan ní Nàìjíríà ló ń gba owó fún un? Kí ló dé tí orúkọ fi yàtọ̀ ní àárọ̀, ní ọ̀sán àti ní ìrọ̀lẹ́? Bí ẹ bá rí nọ́ńbà tó ń ka sẹ́yìn lójú fóònù, ẹ sọ fún un pé kó jókòó, kó mu omi, kó jẹ́ kí àsìkò náà kọjá lójú ara rẹ̀. Yóò rí i pé lẹ́yìn tí wọ́n ní gbogbo rẹ̀ ti parí, wọ́n á tún fún un ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú mìíràn.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Wọ́n á ní oníbàárà á bínú, á ní kí ló kàn wá nínú owó òun, á sì kọjá sí ìsọ̀ kejì. Òótọ́ ni, ó ṣẹlẹ̀ sí mi ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Ìdí gan-an nìyẹn tí mi ò fi kọ lẹ́tà yìí sí ẹnìkan ṣoṣo. Bí ó bá dé ìsọ̀ kejì tí wọ́n tún bi í ní ìbéèrè kan náà, tí ó dé ìkẹta tí ó tún gbọ́ ọ, yóò bẹ̀rẹ̀ sí ronú. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe béèrè ní ariwo lójú àwọn tó tò sẹ́yìn. Ìtìjú ló ń mú kí wọ́n purọ́ fún wa, ìtìjú kan náà ni kì í sì í jẹ́ kí wọ́n sọ fún ìyá wọn lẹ́yìn tí owó bá ti lọ.

Bí owó bá sì ti lọ, ojúṣe wa kò tíì parí. Ẹ rántí pé láti inú àkáǹtì tiwa ni owó náà ti jáde, báǹkì ọmọ náà kò rí i lọ́wọ́ rẹ̀ rárá. Àwa ló yẹ ká pe báǹkì wa tàbí ilé iṣẹ́ tó ni ẹ̀rọ wa lójú ẹsẹ̀, kí a sọ pé jìbìtì ni, kí wọ́n kọ̀wé sí báǹkì tó gba owó náà kí wọ́n dá a dúró. Nọ́ńbà gígùn tí wọ́n ń pè ní session ID, tó jẹ́ 30 ní kíkà, ni wọ́n máa bi wá, nítorí náà ẹ má ṣe ju risíìtì nù, ẹ má sì jẹ́ kí oníbàárà lọ láìgba tirẹ̀. Kí ọmọ náà mú risíìtì náà pẹ̀lú gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n jọ sọ lórí fóònù lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá, kó má pa ìkankan rẹ́. Nínú ti ọmọbìnrin yìí, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni a tó pè, àkáǹtì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ṣófo. Bí ẹnìkan bá tún wá bá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn náà pé òun lè bá a gba owó rẹ̀ padà bí ó bá san díẹ̀ sílẹ̀, àwọn kan náà ni, tàbí àwọn tó ra nọ́ńbà rẹ̀ lọ́wọ́ wọn.

Ẹ̀yin aṣáájú ẹgbẹ́ wa, mo bẹ̀ yín kí ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sínú ètò ìpàdé tó ń bọ̀, kí ẹ sì bá àwọn ẹlẹgbẹ́ wa ní Oǹdó, Ọ̀wọ̀ àti Ìkàrẹ́ sọ ọ́. Mo ti tẹ ìbéèrè méjèèjì sórí bébà ní lẹ́tà ńlá, mo sì ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara gíláàsì iwájú ìsọ̀ mi, ní ibi tí ojú oníbàárà máa kọ́kọ́ bá. Ẹni tó bá fẹ́ kó wá gbà á lọ́fẹ̀ẹ́, láti aago mẹ́jọ àárọ̀ sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ìsọ̀ mi ń ṣí sílẹ̀. Ọmọbìnrin náà ni yóò fún yín, nítorí pé ọ̀dọ̀ mi ló ti ń ṣiṣẹ́ báyìí títí tí yóò fi dá owó àjọ ìyá rẹ̀ padà.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Oní-POS kan lẹ́bàá Ọjà Ọba, Àkúrẹ́.